Ẹfínrín Ẹ̀yìn Balùwẹ̀

Nígbà tí olùkọ́ tó ń kọ́ wa ní ìmọ̀ Ìtàn ní kí oníkálukú mú ohun kan ládùúgbò rẹ̀, kí ó sì kọ ìtàn rẹ̀, kíá ni àwọn ẹlẹgbẹ́ mi mú Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn. Àwọn tí kò tètè nawọ́ sókè mú ààfin Ọọ̀ni, àwọn mìíràn mú ọgbà Yunifásítì. Ilé-Ifẹ̀ ni wá, ohun tí èèyàn lè mú kò wọ́n. Èmi ní ẹfínrín ni n ó kọ. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn pariwo pé, "Ṣé ìtàn ọbẹ̀ ni?" Olùkọ́ wa kò rẹ́rìn-ín. Ó wò mí, ó ní, "Ó dáa. Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn wà ní ìdúró, ẹni tó bá fẹ́ lè lọ wọ̀n ọ́n. Ta ni ẹlẹ́rìí tìrẹ?"

N kò ní èsì lọ́jọ́ náà. Ewé kì í kọ́ ààfin, kì í jagun, kì í fi òkúta sílẹ̀ de àwọn tó ń bọ̀. Bí a bá fẹ́ mọ ohun tí ó ti ṣe fún àwọn tó ti kú, ẹnu àwọn alààyè ni a ó ti gbọ́ ọ, àti nínú ìwé díẹ̀ tí àwọn mìíràn kọ nítorí tiwọn. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu tó sún mọ́ mi jù.

Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló ni ẹfínrín tó wà lẹ́yìn balùwẹ̀ wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbà pé òun gbìn ín. Ó ní ó hù fúnra rẹ̀ ni. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ẹfínrín jẹ́ ewé tó wà láàárín igbó àti ilé. Ó ń hù lẹ́bàá ọ̀nà, lórí ààtàn, ní oko tí wọ́n ti pa tì, láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn obìnrin ń gé e lọ́wọ́ ara wọn lọ gbìn sí ibi tí omi ìwẹ̀ ń ṣàn gbà. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, kó wo igi rẹ̀: kò rí roboto bí igi ewúro, igun mẹ́rin ló ní. Etí ewé rẹ̀ dà bí eyín ayùn. Bí wọn kò bá gé e, ó lè ga tó èèyàn. Òdòdó rẹ̀ kéré, kò ní àwọ̀ tó ń fa ojú, ṣùgbọ́n oyin a máa kún ibẹ̀ láàárọ̀. Àmọ́ ta ló ń wo gbogbo ìyẹn? Èèyàn á já ewé kan, á fi ìka ra á, á gbóòórùn rẹ̀, ó parí. Bàbá mi máa ń sọ pé bí iná bá lọ lóru, imú lòun fi ń rìn dé balùwẹ̀.

Àwọn ẹlẹ́wẹ́ọmọ lọ́jà tún ya ẹfínrín sọ́tọ̀ sọ́tọ̀. Ẹfínrín ńlá ni èyí tí mò ń sọ, òun ló wà nínú ọbẹ̀ àti nínú àgbo jù. Ẹfínrín wẹ́wẹ́ kéré sí i, òórùn rẹ̀ sì yàtọ̀. Bí o bá lọ sọ́dọ̀ ìyá ẹlẹ́wẹ́ọmọ tí o kàn ní "ẹfínrín," yóò bi ọ́ pé kí lo fẹ́ fi ṣe kó tó nawọ́ sí ewé.

Ẹ̀rí tí mo kọ́kọ́ rò pé mo rí ni orúkọ. Àwọn Haúsá ń pè é ní daidoya, àwọn Ígbò ń pè é ní nchanwu, àwọn Fọ̀n ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ń pè é ní tchiayo. Orúkọ wọ̀nyí kò jọ ara wọn rárá. Mo ro ó pé ohun tí àjèjì bá gbé wọ̀lú máa ń bá orúkọ rẹ̀ wọ̀lú: tòmátì ni tiwa, tumatir ni ti Haúsá, èèyàn kò nílò kí wọ́n là á yé e pé ibì kan náà ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Nítorí náà, mo kọ ọ́ sínú ìwé mi pé inú igbó tirẹ̀ ni ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ti pàdé ẹfínrín, tí wọ́n sì sọ ọ́ lórúkọ fúnra wọn. Inú mi dùn. Olùkọ́ mi kà á, ó fi bírò pupa kọ ọ̀rọ̀ méjì péré sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: "Àgbàdo ńkọ́?" Àgbàdo, tí ó jẹ́ pé láti Amẹ́ríkà ni wọ́n ti gbé e wá lẹ́yìn tí àwọn òyìnbó ti bẹ̀rẹ̀ sí í la òkun kọjá, tí ó sì ní orúkọ Yorùbá tó dán mọ́rán! Mo dákẹ́. Orúkọ nìkan kò tó ẹ̀rí. Ohun tó wá gbà mí sílẹ̀ ni iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ewéko, tí wọ́n ka ẹfínrín mọ́ ewé tó jẹ́ ọmọ bíbí ilẹ̀ olóoru ní Áfíríkà àti Éṣíà. Àwọn ará Íńdíà náà mọ̀ ọ́n dáadáa. Wọ́n kà á mọ́ ẹbí tulsi wọn.

Ẹni tó fún un ní orúkọ tí gbogbo onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń lò ni Carl Linnaeus, ará Sweden. Nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1753, ó pè é ní Ocimum gratissimum. Èdè Látìn ni ọ̀rọ̀ kejì, ó túmọ̀ sí ohun tó dùn mọ́ni jù lọ. Linnaeus kò fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Áfíríkà rí. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ òórùn, mo gbà pé òun àti bàbá mi yóò gbọ́ ara wọn yé.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi mú ẹfínrín gan-an.

Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, àbúrò mi ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ ìgbẹ́ gbuuru ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan. Kò tíì pé ọmọ ọdún méjì. Ìyá àgbà já ẹfínrín, ó fọ̀ ọ́, ó fún omi rẹ̀ pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀, ó sì fi ṣíbí kékeré fún un. Bí ìyá àgbà rẹ̀ ti ṣe fún òun nìyẹn. Títí di ìrọ̀lẹ́, ìgbẹ́ náà kò dá, ojú ọmọ ti wọ inú, bó bá ń sunkún, omi kò jáde lójú rẹ̀. Bàbá mi gbé e sẹ́yìn ọ̀kadà, wọ́n sáré lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì tó gbà wọ́n kò bínú sí ewé. Ó kàn bi wọ́n pé mélòó ni omi tí ọmọ ti mu láti àárọ̀. Kò sí ẹni tó lè dáhùn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà díẹ̀díẹ̀, láìdáwọ́ dúró. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti ń bèèrè búrẹ́dì. Nígbà tí wọ́n padà dé ilé, bàbá mi sọ ọ̀rọ̀ sí ìyá rẹ̀ tí n kò ní kọ síbí. Ìyá àgbà kò fèsì. Èyí yà mí lẹ́nu, nítorí ìyá àgbà mi kì í gbà kí ọ̀rọ̀ bọ́ sílẹ̀.

Ìgbà tí mo lọ bá a pẹ̀lú ìwé àti bírò nítorí àròkọ yìí ni mo tó mọ ìdí. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ta ló kọ́ yín ní ẹfínrín?" Ó kọ́kọ́ sọ ti ikọ́, ti ibà, ti inú rírun, ti bí wọ́n ṣe ń jó ewé gbígbẹ rẹ̀ nínú yàrá kí ẹ̀fọn lè jáde. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Ó ní, "Àjọkẹ́, mo bí obìnrin kan ṣáájú bàbá rẹ." Mi ò gbọ́ ọ rí. Ó ní ọdún tí ogun Biafra parí ni, èyí tó jẹ́ 1970. Ọmọ oṣù mẹ́sàn-án ni nígbà tí ìgbẹ́ gbuuru mú un. Àwọn àgbà ní kí wọ́n má fún un lómi, nítorí omi ni wọ́n ní ó ń bọ́ ìgbẹ́ náà. Ó fún un ní ẹfínrín láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Ní ọjọ́ kẹta, ó kú. Ó ní, "Ewé ni mò ń fún un. Omi ni ọmọ ń wá."

Mo lọ wá ọjọ́ àti ọdún, nítorí iṣẹ́ òǹkọ̀tàn nìyẹn, àwọn ọjọ́ náà kò sì jẹ́ kí n sùn. Ní 1968, ní Dhaka, tó wà ní Bangladesh lónìí, àwọn dókítà ọ̀dọ́ méjì, David Nalin àti Richard Cash, fi hàn pé bí alárùn onígbáméjì bá ń mu omi tí wọ́n po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́, omi náà yóò dúró lára rẹ̀, yóò sì yè. Ọdún méjì ṣáájú ikú ọmọ yẹn ni. Ní 1969, ní Yunifásítì Ifẹ̀ tiwa níbí, Abáyọ̀mí Ṣófówọrà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà kan ní Jámánì tó ń jẹ́ Planta Medica. Ẹfínrín ni wọ́n yẹ̀ wò, nítorí pé àwọn èèyàn ń lò ó fún ìgbẹ́ gbuuru. Wọ́n rí i pé epo inú ewé náà ń pa àwọn kòkòrò àìfojúrí kan, ohun tó sì ń ṣiṣẹ́ náà nínú rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní thymol. Ohun kan náà yìí ni wọ́n ń fi sínú omi ìfọnu, òun náà ni àwọn dókítà ní gúúsù Amẹ́ríkà fi ń lé aràn jáde lára àwọn èèyàn ní ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Nítorí náà, ìyá àgbà kò lo ewé lásán. Ọwọ́ kan ìmọ̀ náà wà ní Dhaka, ọwọ́ kejì wà nínú ìlú kan náà tí ó ń gbé, ọmọ rẹ̀ sì kú láàárín méjèèjì. Ó tó ìgbà tí Olíkóyè Ransome-Kuti di mínísítà ètò ìlera, láàárín 1985 sí 1992, kí ìkéde omi oníyọ̀ àti ṣúgà tó kárí ilé lórílẹ̀-èdè wa. Ìyá àgbà ní òun gbọ́ ọ lórí rédíò lọ́pọ̀ ìgbà, àti pé gbogbo ìgbà tí òun bá gbọ́ ọ ni òun ń pa rédíò.

Mo ka ohun tí àwọn Ọ̀jọ̀gbọ́n kọ ní 1969 fún un ní Yorùbá, bí mo ṣe lè túmọ̀ rẹ̀. Mo rò pé inú rẹ̀ yóò dùn. Ó gbọ́ ọ dópin, ó wá bi mí pé, "Ta ni wọ́n bi?" Mo ní kò yé mi. Ó ní, "Ewé pọ̀ nínú igbó. Kí wọ́n tó mú ẹfínrín, ẹnì kan ti sọ fún wọn pé ẹfínrín ni. Ta ni onítọ̀hún?" Àkọlé ìwádìí náà gan-an sọ pé ewé tí wọ́n ń lò nínú ìṣègùn ìbílẹ̀ Nàìjíríà ni. Orúkọ àwọn tó ṣe ìdánwò wà lókè rẹ̀, mẹ́rin. N kò lè dá ìyá àgbà lóhùn.

Kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n sọ nípa ẹfínrín ló dúró nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ní 1903, ariwo ta ní Lọ́ńdọ̀nù nítorí ìròyìn láti àríwá Nàìjíríà pé bí èèyàn bá gbin ewé yìí sínú ìkòkò, tí ó gbé e sí ojú fèrèsé, ẹ̀fọn kò ní wọlé. Ẹ ò rí i pé yóò dùn mọ́ àwọn òyìnbó, nígbà tí ibà ń pa wọ́n bí ẹni pa eṣinṣin. Dókítà ìjọba kan ní Freetown, W. T. Prout, dán an wò. Ewé tútù inú ìkòkò kò ṣe ẹ̀fọn ní nǹkan kan tó ṣe é sọ. Èéfín ewé gbígbẹ ni ẹ̀fọn kò lè fara dà. Mo sọ èyí fún ìyá àgbà náà. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń nu ojú. Ó ní, "Ta ló sọ fún wọn pé kí wọ́n má jó o?"

Ọ̀nà kan wà tí ẹfínrín gbà kúrò lọ́wọ́ wa tí kò la ìwé kọjá. Ní ìgbà òwò ẹrú, pàápàá ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ Yorùbá lọ sí Bahia ní Brazil. Ẹni tí wọ́n dè lọ́wọ́ kò lè di ẹrù, ṣùgbọ́n ìmọ̀ ewé wà nínú orí. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ ọ́ títí di òní, ní èdè Yorùbá tiwọn, pé kò sí ewé, kò sí òrìṣà. Ẹfínrín ńlá wà ní Brazil, alfavaca ni wọ́n ń pè é. Ohun tó wá jọ mí lójú ni pé èyí tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wọn kò rùn bíi tiwa. Thymol ló pọ̀ nínú tiwa; èyí tó pọ̀ nínú tiwọn ni eugenol, ohun tó wà nínú kànáfùrù. Bí ẹrú kan láti Kétu bá já ewé náà lọ́hùn-ún, ojú rẹ̀ yóò sọ fún un pé ẹfínrín ni, imú rẹ̀ yóò sì sọ fún un pé kò sí nílé. Mo mọ̀ pé èmi ló ń ro ìyẹn, kò sí ìwé tó sọ ọ́.

Pierre Verger, ará Faransé tí wọ́n fún lórúkọ Fátúmbí nígbà tó gba Ifá ní Kétu, lo ọ̀pọ̀ ọdún láàárín Bahia àti ilẹ̀ Yorùbá, ó tún ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀. Ní 1995, ọdún kan kó tó kú, ó tẹ ìwé ńlá kan jáde tí ó pè ní Ewé. Ohun tó tẹnu mọ́ nínú rẹ̀ ni pé fún àwọn babaláwo, orúkọ ewé àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pè sí i kò ṣe é yà kúrò lára iṣẹ́ ewé náà. Olùkọ́ Bàọ́lọ́jì wa kò fara mọ́ èyí. Ìyá àgbà náà kò fara mọ́ ọn pátápátá. Ó ní ọ̀rọ̀ wà fún nǹkan tó le, inú rírun kò nílò ọ̀rọ̀.

Ó kù ọbẹ̀, kí ẹni tó pariwo láti ẹ̀yìn kíláàsì má bàa bínú. Nílé wa, ẹfínrín ni ó ń kẹ́yìn wọ ìkòkò. Bí ẹja àrọ̀ bá ti jinná nínú omi ata, tí iyọ̀ ti dọ́gba, ìyá àgbà á rẹ́ ewé náà wẹ́wẹ́, á dà á sí i, á ro ó lẹ́ẹ̀kan, á sọ ìkòkò kalẹ̀. Bí èmi bá dà á sí i ṣáájú, á ní mo ti fi ọbẹ̀ bọ afẹ́fẹ́. Òótọ́ ni: epo tó ń mú un ta sánsán náà kì í pẹ́ lórí iná, ooru ló ń gbé e lọ. A tún ń fi sí àsáró, a ń fi sí ọbẹ̀ ata ìyá ọlọ́mọ tuntun. Ìyàwó àbúrò bàbá mi, ọmọ Ígbò ni, a máa fi í sí ọbẹ̀ ẹyìn tí wọ́n ń fi ìrẹsì jẹ, ìyá àgbà tí kì í jẹ oúnjẹ ẹlòmíràn a sì máa bèèrè èkejì. Ààlà kò sí láàárín ọbẹ̀ àti oògùn lójú rẹ̀. Ó ní èyí tí wọ́n ń jẹ kí àìsàn tó dé ni ọbẹ̀.

Mo bi í léèrè nígbẹ̀yìn bóyá ó ṣì gbà pé ẹfínrín ń wo ìgbẹ́ gbuuru lẹ́yìn ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ronú díẹ̀. Ó ní, "Oògùn tí kò jẹ́, ewé ẹ̀ ló kù kan. Ewé tó kù lọ́jọ́ náà, omi ni." Ó wá ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀: omi iyọ̀ àti ṣúgà kọ́kọ́, ilé ìwòsàn bí ojú ọmọ bá wọ inú, kí ẹfínrín tó dé. Mo kọ ọ́. Bàbá mi jókòó ní ẹnu ọ̀nà, ó ń gbọ́. Òun náà kò mọ̀ rí pé òun kọ́ ni àkọ́bí. Ó dìde, ó lọ sẹ́yìn ilé, ó pẹ́ níbẹ̀.

Ní oṣù tó kọjá, onílé wa da sìmẹ́ǹtì sí gbogbo ẹ̀yìn ilé títí dé balùwẹ̀, nítorí ẹrẹ̀. Wọ́n ti gé ẹfínrín náà kí n tó ti ilé ìwé dé. Mo lọ sídìí ògiri níbi tí wọ́n da igi rẹ̀ sí, mo gbọn orí òdòdó tó ti gbẹ sórí ìwé. Hóró rẹ̀ kéré. Mo dà wọ́n sínú agolo mílíìkì kan tí mo lu ihò sí nísàlẹ̀, pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀ láti ẹ̀bá ọ̀nà. Ìyá àgbà ní kí n má bomi jù. Láàárọ̀ àná, mẹ́fà ti yọ orí, ó sì ti bẹ̀ mí pé kí n mú méjì lọ fún nọ́ọ̀sì yẹn bí wọ́n bá dàgbà.